Ta Ni Ó Ń Tọ́jú Olùtọ́jú?

Nọ́ọ̀sì wà láàrin wa, dókítà wà, adáhunṣe náà wà. Nítorí wọn ni a ṣe kọ èyí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ó kéré tán dókítà mẹ́rin kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn King Fahd ní ìlú Jeddah, nítorí wọn kò fẹ́ tọ́jú àwọn tí àrùn MERS mú. Àrùn yìí, tí ràkúnmí lè kó ran ènìyàn, a máa mú ibà, ikọ́ àti èémí tí kò já gaara wá. Láti oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ọdún náà, ènìyàn 255 ni àyẹ̀wò rí i lára wọn ní agbègbè Jeddah, 93 kú. Àwọn tí ó dá wó nínú wọn jẹ́ 191, òṣìṣẹ́ ìlera sì ni 40.

Ṣé ojo ni àwọn dókítà náà? Ẹ má tètè dájọ́. Ẹni tí ó rí alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn aláìsàn, ẹ̀rù á máa bà á láti gbé ọmọ rẹ̀ bí ó bá délé. Ọdún yẹn kan náà ni Ebola wọ Èkó, tí ó pa Dókítà Ameyo Adadevoh.

Nígbà tí Kòrónà dé, àwọn tí ó ṣe Hájì ní Mẹ́kà dín láti bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ní 2019 sí bí ẹgbẹ̀rún kan ní 2020. Ìgboro dákẹ́. Ilé ìwòsàn kò dákẹ́.

Bí agbára òṣìṣẹ́ bá ti ń tán, oorun kì í wá, àyà á máa já, iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn rí á sú u, á máa kanra mọ́ aláìsàn. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé wàhálà ibi iṣẹ́ ni ó ń fa irú àárẹ̀ yìí. Nítorí náà, ibi iṣẹ́ ni kí a ti kọ́kọ́ wá ìwòsàn rẹ̀: kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ òru dínkù. Àwa tí a mọ ewé náà gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: àgbo kò lè bá nọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ òru. Omi ewé tíì gbígbóná dára lálẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lo oògùn oorun kò gbọdọ̀ da àgbo pọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà. Bí ìpayà bá pẹ́, tàbí tí ó bá ń ronú ikú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá.

Nílé ńkọ́? Kò tíì bọ́ bàtà tí a ti ń pè é: "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ọmọ yìí." Bí kò bá ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì, ẹ jẹ́ kí ó wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sùn ná.