Gáàsì AC kì í tán, jíjò ló ń jò! Ẹ̀kọ́ ńlá tí oní-píkọ́ọ̀pù kan kọ́ lẹ́yìn tó sanwó gáàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá náà ti sanwó gáàsì AC láàárín oṣù márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì ni inú mọ́tò rẹ̀ tún padà di ooru. Toyota Hilux àtijọ́ ni mọ́tò ọ̀hún, ó ti wà lójú títì kí ọdún 1995 tó dé, òun ni bàbá fi ń kó oúnjẹ adìẹ láti Ìbàdàn lọ sí Ìṣẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní wàhálà kankan, jíà rẹ̀ ń wọlé geere, ṣùgbọ́n bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, inú rẹ̀ á gbóná bí ààrò alágbẹ̀dẹ. Ìyàwó bàbá tó máa ń bá a lọ ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò wọ̀ ọ́ mọ́ bí kò bá jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù.

Nígbà tó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ AC mìíràn lẹ́ẹ̀kẹrin, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ti ń fa owó yọ lápò.

"Ọ̀rẹ́ mi, gáàsì ti tún tán o. Bá mi fún un sí i kíá, ọ̀nà jìn."

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kò gbowó. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ fowó yín sápò ná, bàbá. Ta ló sọ fún yín pé gáàsì máa ń tán?"

"Ṣé bẹntiróòlù kì í tán ni?"

"Bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì ń jó o ni, sà. Gáàsì AC, kò sí nǹkan tó ń jó o. Ojú kan náà ló ń yí po. Bó bá ti dín, ó ti ríbi gbà jáde nìyẹn. Ẹni tó bá ń fún yín ní gáàsì láìwá ibi tó ń jò, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi fún yín."

Bàbá dákẹ́. Àṣé gbogbo owó tó ti ń ná látọjọ́ yìí, afẹ́fẹ́ ló ń ná an fún!

BÍ Ó ṢE Ń TUTÙ

Kì í ṣe bàbá yìí nìkan lọ̀rọ̀ náà ò yé. AC kì í dá òtútù sílẹ̀, ooru ló ń kó jáde. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló máa ń fún gáàsì pọ̀ títí tí yóò fi gbóná janjan. Láti ibẹ̀ ni gáàsì á ti wọ inú kọ̀ńdẹ́ńsọ̀, ìyẹn èyí tó dà bíi rédíétọ̀ tó sì wà níwájú rédíétọ̀ gan-an. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i níbẹ̀, á sì di olómi. Á gba inú dráyà tó ń fa ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀ kọjá, á wá gba ojú ihò tóóró kan bọ́ sínú kúlìn-kọ́ìlì tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló ti ń padà di gáàsì, bó sì ṣe ń di gáàsì ló ń fa ooru inú mọ́tò mọ́ra. Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá ti fi sípíríìtì nu apá rẹ̀ rí kó tó gún un lábẹ́rẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń tutù. Ohun kan náà ni.

Gbogbo gáàsì tó wà nínú píkọ́ọ̀pù kékeré kì í sábà pé kílò kan, òróró díẹ̀ sì ń bá a rìn. Òróró yìí ló ń jẹ́ kí inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa yọ̀. Ibi tí jíjò ti burú nìyẹn: bí gáàsì ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni òróró ń bá a jáde. Bí òróró bá ti gbẹ, irin á máa ha irin, ọjọ́ kan á sì pé tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á nọ́ọ̀kì pátápátá.

OMI TÓ Ń KÁN KÌ Í ṢE GÁÀSÌ

Àwọn kan máa ń rí omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, wọ́n á ní AC ti ń jò. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Gáàsì kò ní àwọ̀, bó bá sì ti jáde ló fẹ́ lọ. Omi tó ń kán yẹn, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Bí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bá kan kúlìn-kọ́ìlì, omi á sẹ̀ sára rẹ̀ bó ṣe máa ń sẹ̀ sára ìgò ọtí tútù, á sì gba ọ̀pá kékeré kan bọ́ sílẹ̀. Àmì pé AC ń ṣiṣẹ́ ni. Bí omi náà bá wá ń dà sẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú, ìdọ̀tí ló dí ọ̀pá yẹn. Kí wọ́n tú ìdọ̀tí ibẹ̀ dà nù, ó parí. Kò kan gáàsì rárá.

ÌDÍ Ọ̀RỌ̀ JÁDE

Ọmọkùnrin oníṣẹ́ AC ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò mú irinṣẹ́ kankan, ojú ló kọ́kọ́ fi ń wò. Ó ní ibi tí òróró bá ti mú eruku mọ́ra, tó dúdú tó sì ń yọ̀, ibẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ fura sí, torí pé òróró ò lè dá jáde bí gáàsì ò bá bá a jáde. Ó fọwọ́ kan ẹnu ibi tí páìpù ti wọ kọ̀ńdẹ́ńsọ̀. Ó rí òróró níbẹ̀. Ó wo igun ìsàlẹ̀ kọ̀ńdẹ́ńsọ̀, ó rí ojú àpá òkúta. Ó wo iwájú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ibẹ̀ gbẹ.

Lẹ́yìn náà ló so géèjì mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ géèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbéra. Ó fi ẹ̀rọ fa èyí tó kù síbẹ̀ sínú sìlíńdà, kò tú u sáfẹ́fẹ́. Ó wá fi gáàsì náítírójìn kún inú páìpù, ó po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi títí tó fi hó, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́nu oríkèé kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ìfófòó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú níbi méjèèjì tó fura sí, pùkẹ̀-pùkẹ̀, bí ẹnu ẹja.

"Bàbá, ẹ wá fojú ara yín rí i. Gáàsì tí ẹ rà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀nà tó gbà lọ nìyí."

Ibi tó máa ń jò nínú mọ́tò àtijọ́ ò ju mélòó kan lọ. Àkọ́kọ́ ni òrúka rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu oríkèé páìpù: ooru ọdún pípẹ́ máa ń mú un le, á sì sán. Èkejì ni kọ̀ńdẹ́ńsọ̀, tí òkúta ọ̀nà máa ń bà. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà iwájú kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Bí wọn ò bá tan AC fún oṣù púpọ̀, rọ́bà yìí á gbẹ. Ẹ̀kẹrin ni họ́ọ̀sì tó ń bá ẹ́ńjìnnì gbọ̀n. Ìkarùn-ún ni ẹnu ibi tí wọ́n ń gbà fún gáàsì, èyí tó ní pín-ín-nì bíi ti táyà. Ìkẹfà, tó le jù láti rí, ni kúlìn-kọ́ìlì fúnra rẹ̀: eruku àti ewé á dì mọ́ ọn, ọ̀rinrin á jẹ ẹ́ lu. Tibẹ̀ kì í sábà ṣe é fọṣẹ wá. Àwọ̀ tí wọ́n ń dà mọ́ òróró, tó máa ń tàn yòò lábẹ́ iná pàtàkì, tàbí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì ni wọ́n fi ń mú un.

WÁYÀ TÓ FẸ́ PA KỌ̀MPÚRẸ́SỌ̀

Ohun tó wá ya ọmọkùnrin náà lẹ́nu jù ni wáyà kékeré kan tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dráyà. Súìṣì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí gáàsì bá ti kéré jù, òun ló máa ń dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dúró kó má baà bàjẹ́. Ẹni tó fún bàbá ní gáàsì kẹ́yìn ti so wáyà méjèèjì pọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì, kí AC lè máa ṣiṣẹ́ tipátipá.

Nígbà tí wọ́n tú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, òróró tó jáde dúdú kirikiri, irin wínníwínní sì ń dán nínú rẹ̀ bíi yanrìn etí odò. Ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Òrúka rọ́bà tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ló sọ bàbá di ẹni tó ń wá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tokunbọ̀ kiri Agodi Gate.

Inú bí bàbá. "Tú gbogbo rẹ̀ dà nù! Ṣé AC ni wọ́n fi ń bọ́ adìẹ ni?"

"Bàbá mi, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ṣé ẹ rántí bí gíláàsì iwájú ṣe máa ń bò nígbà òjò, tí ẹ ò ní rí ọ̀nà mọ́? AC ló ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú mọ́tò, tí gíláàsì fi ń mọ́. Kì í ṣe fáàrí nìkan, sà."

Bàbá rántí alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà, tó ń fi àkísà nu gíláàsì bó ṣe ń wakọ̀, tí tírélà sì ń bọ̀ níwájú. Kò tún jiyàn mọ́.

GÁÀSÌ ÀTIJỌ́, GÁÀSÌ TUNTUN

Mọ́tò tó bá ti pẹ́ tó ti bàbá yìí, gáàsì R-12 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń ba ìbòrí ozone jẹ́ lójú ọ̀run, èyí tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1995. Àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní Montreal, ní Kánádà, lóṣù kẹsàn-án 1987 láti dín in kù, nígbà tí 2010 sì fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà náà ti gbọ́dọ̀ fòpin sí ṣíṣe é. Ẹni tó bá ń ta R-12 "tuntun" lónìí, kí wọ́n bi í dáadáa.

R-134a ló gbapò rẹ̀ nínú mọ́tò láti nǹkan bí 1992 sí 1995. Kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ti èéfín carbon dioxide lọ, kílò sí kílò. Títú u sáfẹ́fẹ́ ò dáa. Bákan náà, òróró R-12 kì í bá R-134a rìn. Ẹni tó bá yí mọ́tò àtijọ́ sí tuntun gbọ́dọ̀ yí òróró, dráyà àtàwọn òrúka rọ́bà pa pọ̀. Nínú Hilux bàbá, gáàsì nìkan ni wọ́n yí, wọn ò yí rọ́bà. Ìyẹn náà dá kún un.

BÍ WỌ́N ṢE TÚN UN ṢE

Ọmọkùnrin náà pààrọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsọ̀. Ó yí gbogbo òrúka rọ́bà, ó sì fi òróró AC pa wọ́n lára kó tó dè wọ́n. Ó fọ inú páìpù kí irin wínníwínní má baà kù síbẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tokunbọ̀ tí bàbá rà, èyí tí wọ́n dí lẹ́nu ló ní kó mú, torí èyí tó bá la ẹnu sílẹ̀ nínú ọjà ti fa omi àti eruku sínú. Dráyà tuntun ló fi síbẹ̀. Ó tú wáyà dáírẹ́ẹ̀tì, ó dá súìṣì padà síṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé ẹ̀rọ fákúùmù sí i fún ìṣẹ́jú 45. Ẹ̀rọ yìí ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde, torí omi tó bá kù nínú páìpù lè di yìnyín kó dí ihò tóóró, ó sì lè bá òróró pọ̀ di oró tó ń jẹ irin. Ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí bàbá máa wo abẹ́rẹ́ géèjì fún ìdajì wákàtí. Abẹ́rẹ́ kò mira. Ìgbà yẹn ló tó gbé sìlíńdà gáàsì sórí òṣùwọ̀n, ó sì wọn iye tí wọ́n kọ fún mọ́tò náà sínú rẹ̀. Kì í ṣe ojú ló fi wọ̀n ọ́n.

KÍ Ẹ ṢỌ́RA O

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọ́síjìn àwọn wẹ́dà wá ibi tó ń jò, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín, kí ẹ máa lọ. Ọ́síjìn àti òróró bá pàdé nínú páìpù, ó lè bú gbàmù. Gáàsì ìdáná náà ò yẹ nínú AC tí wọn ò ṣe fún un: bó bá jò wọnú mọ́tò, ìṣáná kan ti tó. Gáàsì tó bá tú sí èèyàn lójú tàbí lára lè jó o bíi yìnyín, kí wọ́n má sì fi iná wá ibi tó ń jò, torí èéfín rẹ̀ lóró. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú AC láti fi dí ojú ihò, ó lè dí ihò tó yẹ kó là.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó bàbá bá a lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, ó ti fi aṣọ bora. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, AC ọ̀hún ṣì ń tutù, bàbá ò sì tíì ra gáàsì mìíràn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí AC mọ́tò yín bá tún gbóná, ẹ má bèèrè iye tí wọ́n ń ta gáàsì. Ibi tó ti ń jò ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.