Ọmọ Tí Kò Tètè Sọ̀rọ̀ àti Ìwé Tí A Ń Kọ Nípa Rẹ̀

Bí ọmọ bá pé ọdún 2 tí kò sì tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, irú bí "gbé mi" tàbí "màmá wá", ẹ má ṣe jókòó kí ẹ máa wí pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó fọhùn. Àwọn kan tilẹ̀ ti mú ọmọ lọ gé okùn abẹ́ ahọ́n kí wọ́n tó wá sí dísípẹ́ńsárì wa. Kì í sábà jẹ́ okùn yẹn ni ó fà á. Etí ni kí a kọ́kọ́ wò. Ọmọ lè gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tí a gbá mọ́ra kí ó má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ etí rẹ̀ wò ní ilé-ìwòsàn ńlá, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ẹni tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ.

Àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí kò pọ̀ nílẹ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ni a kọ nípa ọmọ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé bẹ́ẹ̀ yóò sọ ọjọ́ orí tí ọmọ lè pe "th", ohun tí kò sí lẹ́nu wa. Kò ní mẹ́nu kan "gb", bẹ́ẹ̀ ni kò ní sọ ìgbà tí ó yẹ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀.

Kí ni kí olùtọ́jú ṣe nígbà náà? Àwọn tí ó mọṣẹ́ nínú wọn kì í gbára lé ìrántí. Nígbà tí ọmọ bá lọ tán, wọn a jókòó, wọn a kọ ohun tí wọ́n dán wò sílẹ̀, ohun tí ọmọ ṣe, ibi tí kò ti bọ́ sí i, àti ìdí tí wọ́n rò pé ó fi rí bẹ́ẹ̀. Wọn a yọ orúkọ ọmọ kúrò, wọn a sì fi han ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú mìíràn. Ká ní ọmọ kan ń pe "gbà" ní "bà". Ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́ lè kà á sí àìsàn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti kọ ti ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ lè fi hàn án pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara wọ́n le ń ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó bi í ní ìbéèrè tí kò ronú kàn. Wọ́n kọ́ àwa náà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pé kí á kọ ìròyìn sílẹ̀ kí á tó fi wọ́ọ̀dù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe ni tiwa ń sọ. Tiwọn ń béèrè ìdí. Mo fẹ́ràn tiwọn jù, kí àwọn ọ̀gá mi má bínú.

Ìwé náà kò lè pé láìsí yín. Olùtọ́jú lè má rí ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni ó ń gbé. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, ọ̀rọ̀ tí ó sọ bí ó ti sọ ọ́ gan-an (ẹ má bá a tún un ṣe), àti ohun tí ó ń fẹ́ nígbà náà. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè pẹ̀lú, nítorí òun ni ó ń bá a ṣeré nígbà tí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹ kọ ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀: ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá 11 àti ti Gẹ̀ẹ́sì 4 ní ọ̀rọ̀ 15, kì í ṣe 4. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ pa Yorùbá tì nínú ilé kí ọmọ lè yára sọ̀rọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Èdè méjì kì í dá ọ̀rọ̀ ọmọ dúró.

Bí olùtọ́jú bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọmọ yín han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ lè kọ̀. Ìtọ́jú kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ dúró.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ dúró de ìwé kíkọ: èyí tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wá ń pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ náà gan-an.