Ìmọ́lẹ̀ tó ń wá jẹjẹrẹ, àti awọ dúdú tiwa

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Àgídìngbì níbí, níbi tí ilé iṣẹ́ Cadbury wà. Káàkiri ayé, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn tó ń lọ kòkó máa ń gbé e lọ sí láàbù kí wọ́n tó mọ bí omi àti ọ̀rá inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Wọ́n lè tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ò rí sí i, kí ẹ̀rọ wo èyí tó padà wá. Omi á ti gbé apá kan mì, ọ̀rá á ti gbé apá mìíràn. Ohun tó ṣẹ́ kù ló ń tú àṣírí. Òun ni wọ́n ń pè ní spectroscopy.

Ẹran ara èèyàn náà ò yàtọ̀. Jẹjẹrẹ a máa fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kóró inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a sì máa tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, torí náà ìmọ́lẹ̀ tó bá kọlù ú kì í fọ́n ká bíi ti ara tó dá ṣáṣá. C. V. Raman, ará Íńdíà, ti rí i ní 1928 pé díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń pààrọ̀ àwọ̀ bó bá ti ara nǹkan fọ́n jáde, nǹkan kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń pààrọ̀ ọ́. Ní 2015, àwọn kan ní Montreal, ní Kánádà, ròyìn bí wọ́n ṣe fi ọ̀nà Raman yìí wá jẹjẹrẹ nínú ọpọlọ aláìsàn 17 lásìkò iṣẹ́ abẹ gan-an.

Ibi tó kàn wá rèé o. Ní January 2024, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí DermaSensor, ẹ̀rọ tí dókítà á gbé lé àpá tó fura sí lára awọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n melanin, èròjà tó mú awọ wa dúdú, òun náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì! Ṣé ẹ rántí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀? Ní 2020, àwọn dókítà ní Michigan fi hàn pé iye ìgbà tí kì í rí àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. FDA ní kí àwọn tó ṣe DermaSensor tún dán an wò lára oríṣiríṣi èèyàn lẹ́yìn tó ti dé ọjà. Lójú tèmi, kó tó dé ọjà ló yẹ.

Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni melanoma sábà máa ń fara pamọ́ sí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ti mú Bob Marley, tó kú ní 1981. Ẹni tó bá rí àmì dúdú tó ń gbòòrò níbẹ̀, tàbí egbò tí ò jinná, kó má dúró de ẹ̀rọ kankan. Kó lọ sílé ìwòsàn ńlá, bíi LASUTH ní Ìkẹjà, kí wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ lọ wò lábẹ́ máíkíróskóòpù. Ẹni tí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ bá fura sí pàápàá, ibẹ̀ náà ni wọ́n á rán an lọ.