Ìlò Ètò Gbangba láàárín Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Tí Ń Lo Ètò Tí Ó Gbajúmọ̀: Àpẹẹrẹ láti Inú Ìwé Tí A Fi Èdè Yorùbá Kọ

1.0 Ìfáárà

Ohun kan tí ó máa ń kọ àwọn òǹkọ̀wé lóminú nínú iṣẹ́ àkọsílẹ̀ òde òní ni pé kí wọ́n kọ ìwé sórí kọ̀ǹpútà kan, kí wọ́n gbé e lọ sórí òmíràn, kí wọ́n sì bá ojú ìwé náà ní ìyípadà. Ìlà ti sún, tábìlì ti fọ́ sí ojú ewé méjì, àmì ohùn ti yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà tí ó ni ín. Ẹni tí irú èyí máa ń bá jù ni ẹni tí ó ń lo LibreOffice láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ń lo Microsoft Office. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ètò tí kò gbajúmọ̀ náà ni ó jẹ̀bi, àti pé kí onítọ̀hún pa á tì, kí ó ṣe bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Àpilẹ̀kọ yìí gbé èrò náà yẹ̀ wò. Kókó tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kò pọn dandan kí àwọn alájùmọ̀ṣiṣẹ́ lo ètò kan náà. Ohun tí ó pọn dandan ni kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ìlànà ìfipamọ́ ìwé, irú lẹ́tà, àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà tẹ àmì.

Ká fi olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀, ní àríwá Èkìtì, ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti pẹ́, kò sì ní owó tí yóò fi ra àṣẹ ìlò ètò olówó. LibreOffice ni ó fi tẹ ìbéèrè ìdánwò lórí àmì ohùn. Ó gbé e sínú fíláàṣì lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ọyẹ́ tàbí ní Ìdó, níbi tí ó jẹ́ pé Microsoft Word nìkan ni wọ́n ń lò. Bí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bá ti ibẹ̀ jáde láìsí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kùnà ìdánwò náà láìṣẹ̀ láìrò.

2.0 Ohun Tí Ètò Gbangba Jẹ́

Ètò gbangba ni ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tí ó hun ún gbé àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ síta, tí wọ́n sì fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti lò ó, láti yẹ̀ ẹ́ wò, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Ilẹ̀ Jámánì ni LibreOffice ti ṣẹ̀ wá. Iléeṣẹ́ Star Division ni ó kọ́kọ́ ṣe StarOffice níbẹ̀. Sun Microsystems ra iléeṣẹ́ náà ní 1999, ó sì gbé àkọsílẹ̀ ètò náà síta ní 2000 lábẹ́ orúkọ OpenOffice.org. Nígbà tí Oracle ra Sun ní 2010, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ètò náà yapa, wọ́n dá The Document Foundation sílẹ̀, wọ́n sì pe ẹ̀ka tiwọn ní LibreOffice. Ìtàn yìí fi àǹfààní kan hàn: ẹni tí ó ni iléeṣẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parun, nítorí pé àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Owó nìkan kọ́ ni ó so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò lágbára láti san owó àṣẹ ìlò lè yàn láti lo ẹ̀dà ayédèrú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, ó sì lè gbé kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà. Ètò gbangba fún olùkọ́ tí apá rẹ̀ kò ká owó náà ní ọ̀nà mìíràn tí kò ní ìtìjú nínú.

3.0 Ìlànà Ìfipamọ́ Ìwé

Ìlànà ìfipamọ́ ni ọ̀nà tí ètò ń gbà to ọ̀rọ̀, àwòrán àti ìrísí ojú ìwé sínú fáìlì. Méjì ni ó kàn wá níhìn-ín. Èkíní ni ODF, tí fáìlì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí sí .odt, òun ni LibreOffice ń lò bí a kò bá pàṣẹ òmíràn fún un. Ó di ìlànà àgbáyé lábẹ́ ISO ní 2006. Èkejì ni OOXML, tí fáìlì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí sí .docx, Microsoft Office 2007 ni ó mú un wọlé, ISO sì fọwọ́ sí i ní 2008. Àwọn méjèèjì jọra ju bí ènìyàn ti rò lọ, nítorí pé àpò dídì tí ó kún fún àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. LibreOffice lè ṣí .docx, ó sì lè fi ìwé pamọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 2009 ni Microsoft Office 2007 pàápàá ti lè ṣí .odt, lẹ́yìn àtúnṣe ńlá kejì rẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, ìtumọ̀ láti ìlànà kan sí èkejì kì í pé pérépéré. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í sábà sọnù; ìrísí rẹ̀ ni ó máa ń yí padà. Ìdí tí ó wọ́pọ̀ jù ni irú lẹ́tà. Bí kọ̀ǹpútà kejì kò bá ní irú lẹ́tà tí òǹkọ̀wé lò, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ìbú lẹ́tà bá ti yàtọ̀, ìlà yóò já níbòmíràn, ojú ewé yóò sì sún. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe Liberation Serif, tí ìbú lẹ́tà rẹ̀ bá ti Times New Roman mu, àti Carlito, tí ó bá Calibri mu.

4.0 Ìṣòro Àmì nínú Ìwé Yorùbá

Orúkọ Ẹ̀dá-Oníyọ̀ fúnra rẹ̀ tó láti fi ìṣòro yìí hàn. Àmì ohùn mẹ́rin àti àmì ìsàlẹ̀ méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà àgbáyé tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á àti í ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ àti ọ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀ àti ọ̀, tí wọ́n ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì ohùn tí ó dá dúró ni a ń gbé lé lẹ́tà tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lórí. Irú lẹ́tà ni ó ni iṣẹ́ àtigbé àmì náà kalẹ̀ sí àyè rẹ̀. Èyí tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ètò olówó àti ètò gbangba ni èyí lè ṣẹlẹ̀ sí.

Ìṣòro kejì fara sin. Òǹkọ̀wé kan lè tẹ ọ kí ó tó fi àmì ohùn sí i. Òmíràn lè tẹ ò kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n lè yàtọ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ méjì bá jọ kọ ìwé kan lọ́nà méjèèjì, ẹni tí ó bá ń wá orúkọ ìlú náà nínú rẹ̀ lè rí èyí tí ẹnì kan tẹ̀, kí ó má rí ti ẹnì kejì.

5.0 Ohun Tí Àwọn Alájùmọ̀ṣiṣẹ́ Lè Ṣe

Ohun mẹ́rin ni ó lè dín ìṣòro yìí kù. Èkíní, ìwé tí ó ti parí, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn mọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ ní PDF, tí ń di ojú ìwé mú bí ó ti wà. LibreOffice ń ṣe èyí láìgba owó. Bí olùkọ́ Ẹ̀dá-Oníyọ̀ bá ti gbé PDF lọ sí ilé ìtẹ̀wé, bí òun ti rí ìbéèrè náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i. Èkejì, ìwé tí wọ́n ṣì ń jọ tún ṣe, kí wọ́n yan ìlànà kan ṣoṣo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lílọ bíbọ̀ láàárín.odt àti .docx ni ó ń ba ìrísí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí gbogbo wọn lo irú lẹ́tà kan tí ó gba àmì dáadáa, irú èyí tí SIL ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, bíi Charis àti Gentium. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa tẹ lẹ́tà alámì ìsàlẹ̀ ṣáájú àmì ohùn.

6.0 Ibi Tí Agbára Ètò Gbangba Mọ

Kì í ṣe gbogbo ìṣòro ni ìfẹnukò lè yanjú. Ìwé ìṣirò tí ó kún fún àwọn àṣẹ tí a kọ fún Excel nìkan lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú LibreOffice. Ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì pinnu ní 2003 láti kó kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ètò gbangba, ó sì parí iṣẹ́ náà ní 2013. Síbẹ̀, ní 2017, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Pàṣípààrọ̀ fáìlì pẹ̀lú àwọn ará òde wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ráhùn lé lórí. Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ní 2014, ó yan ODF fún ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jọ tún ṣe, láìsọ pé ètò báyìí ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Munich pààrọ̀ ètò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ìlànà. Èyí kejì ni ó bá ìjiyàn àpilẹ̀kọ yìí mu.

7.0 Ìkádìí

Irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn tí ń kọ Yorùbá. Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì pàdé ní Èkó lórí ọ̀nà tí ó yẹ kí wọ́n máa gbà kọ èdè náà. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn. Kò sí èyí tí ó sọ irú gègé tàbí irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ lò. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni àmì tí yóò wà lórí ìwé, èyí ni ó sì jẹ́ kí ohun tí a tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ṣeé kà ní Èkìtì.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó gba ọ̀nà LibreOffice wọ ọjà kò ṣẹ ẹni tí ó gba ọ̀nà Microsoft Office, bí àwọn méjèèjì bá ti mọ ibi tí wọn yóò ti pàdé. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ tí a bi léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ lórí ìwé tí kò ní àmì ni yóò jìyà rẹ̀.