Owó Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ti Wálẹ̀, Ìwé Àṣẹ Ló Kù

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbéra ní Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tòun ti ẹrù ibùdó òfurufú àgbáyé. Nínú ẹrù yẹn ni Nigeria EduSat-1 wà, sátẹ́láìtì tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ l'Ákùúrẹ́ àti Kyushu Institute of Technology ní Japan jọ ṣe. Àpótí sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú-lóòró ni, kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 1 lọ. Lóṣù Keje ni wọ́n tú u sílẹ̀ lókè pẹ̀lú ti Gánà, Japan, Mongolia àti Bangladesh. Orí ìgbì rédíò aláfẹ́ ni wọ́n ti ránṣẹ́ wálé, ìyẹn ìgbì tí òfin àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi rédíò kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìgbowó. Bí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, kí ni yóò dí i lọ́nà? Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ní owó ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán.

Àwọn onírédíò aláfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Kalifọ́níà kò sanwó ọkọ̀. Nígbà tí sátẹ́láìtì wọn, OSCAR 1, gòkè lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1961, ibi tó yẹ kí wọ́n fi irin lásán dí nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n fi í sí. Nígbà tó yá, gbígbé ẹrù lọ sókè di òwò, ààyè ọ̀fẹ́ sì wọ́n. Ohun tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ni ìlànà àpótí kékeré tí Jordi Puig-Suari àti Bob Twiggs, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ní Kalifọ́níà, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1999, tí ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì fi lè jọ wọ ọkọ̀ kan. Lọ́dún 2019, SpaceX, iléeṣẹ́ tó ni Falcon 9, kéde mílíọ̀nù 1 dọ́là fún ẹrù kílò 200. Dọ́là 5,000 ni kílò kan nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí wọ́n ń ta kílò kan ṣoṣo fún: alágbàtà á gba tirẹ̀, àyẹ̀wò ìgbọ̀nrìrì náà lówó tirẹ̀. Ẹni tí kò lówó rárá ṣì lè rọ́nà. Láti 2015 ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé àti Japan ti ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà láàyè ọ̀fẹ́. Yunifásítì Nairobi gba ibẹ̀ lọ sókè lọ́dún 2018, Mauritius náà sì gba ibẹ̀ lọ́dún 2021.

Níbi ìwé àṣẹ ni ẹsẹ̀ ti ń wọ́. Àdéhùn òfurufú ti 1967 sọ pé orílẹ̀-èdè ló máa dáhùn fún ohunkóhun tí ọmọ rẹ̀ bá rán lọ sókè, ì báà jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́. Àdéhùn 1972 fi kún un pé bó bá já lu ohun ìní ẹlòmíì nílẹ̀, ìjọba tó rán an ni yóò sanwó. Kì í ṣe ìhàlẹ̀: sátẹ́láìtì Soviet kan, Cosmos 954, já sí Kánádà lọ́dún 1978, Soviet sì san mílíọ̀nù 3 dọ́là Kánádà. Ìdí nìyẹn tí òfin 2010 ti NASRDA, àjọ òfurufú Nàìjíríà, fi ní kéèyàn gba ìwé àṣẹ. Ti NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, tún wà lọ́tọ̀ nítorí rédíò, lẹ́yìn náà ni ti IARU, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onírédíò aláfẹ́, tí yóò yan ìgbì tí kò ní dí ẹlòmíì lọ́wọ́, kí ìjọba tó wá fi tó ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìgbì rédíò, létí. ITU kì í gbowó lórí sátẹ́láìtì aláfẹ́. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ní kí ibùdó tó lè pa rédíò náà lẹ́nu mọ́ ti wà nílẹ̀ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra. Ìwé kan ń dúró de èkejì, rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè ti gboyè lọ kí ìwé tó pé, pàápàá nílẹ̀ tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti daṣẹ́ sílẹ̀ fóṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022.

Àwọn kan lè sọ pé ohun tí kò tó kílò méjì kò yẹ fún gbogbo wàhálà yìí. Iléeṣẹ́ Swarm ní Amẹ́ríkà rò bẹ́ẹ̀ náà. Ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ̀ fún un láti rán sátẹ́láìtì mẹ́rin tó kéré ju ti Àkúrẹ́ lọ, torí pé ó lè ṣòro láti máa fojú tọpa wọn lókè, síbẹ̀ ó kó wọn sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì Íńdíà lóṣù Kìíní ọdún 2018. Ìtanràn 900,000 dọ́là ló kangun sí. Òfin náà ní ìdí. Ọ̀nà tí àwọn ọ́fíìsì wa ń gbà lò ó, olúkúlùkù nílẹ̀kùn tirẹ̀, ni mo ń bá wí.

Àtakò tó le jù ni pé kí ni ará Abígi, ní Ogun Waterside, fẹ́ fi sátẹ́láìtì ṣe nígbà tí omíyalé ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n òfin ITU kan náà rọ àwọn ìjọba láti jẹ́ kí onírédíò aláfẹ́ múra sílẹ̀ fún ìgbà àjálù, torí rédíò tó ń lo bátìrì kò nílò òpó fóònù. Ìyẹn ò sì ní kéèyàn rán nǹkankan lọ sókè. Láti ìparí 2018 ni sátẹ́láìtì Es'hail-2 ti orílẹ̀-èdè Kátà ti wà lókè pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ onírédíò aláfẹ́, tó sì ń dá a padà sí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè fi díìṣì kékeré lò ó láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí Àgọ́-Ìwòyè ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n kọ́ ibùdó ilẹ̀ tí òfin ń béèrè, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó béèrè ààyè nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Kí NASRDA àti NCC náà jókòó sídìí tábìlì kan, kí wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fún ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde.