Orílẹ̀-èdè wo ni àrùn màlúù ń mú èèyàn jù?

Nígbà tí a lọ yẹ ìwé wò ní ẹgbẹ́ àwọn alápatà kan ní agbègbè Ṣakí, a bá ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò rí owó tí ó yá san fún oṣù méje. Ibà ni wọ́n ní ó ń ṣe é. A máa làágùn lóru, oríkèé ara a máa ro ó. Ibà náà a lọ, a tún padà. Oògùn ibà ni ó ń lò títí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní Ìbàdàn. Brucellosis ni, àrùn tí màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn ń kó ran èèyàn.

Èyí ni ó mú wa wo iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kọ sílẹ̀. Nínú àfiwé kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2006, Síríà ni ó ga jù: aláìsàn tuntun tí ó lé ní 1,600 lọ́dún nínú mílíọ̀nù kan èèyàn. Ti Amẹ́ríkà kò tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù. Ní ti Nàìjíríà, kò sí àkọsílẹ̀ gbogbo ìlú tí ó ṣe é gbára lé.

Ẹ má tíì yọ̀. Bí akọ̀wé kò bá kọ gbèsè sínú ìwé, ṣé a ó sọ pé ẹgbẹ́ náà kò ní ajigbèsè? Àrùn náà pọ̀ ní Síríà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wá a, wọ́n sì ń kọ ọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ibà lásán tàbí táífọ́ọ̀dù ni a ń pè é. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀: ní 1947 aláìsàn wọn lé ní 6,000; nísinsìnyí ó tó nǹkan bí 100 lọ́dún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù wò, wọ́n pa èyí tí ó ní àrùn, wọ́n gún ọmọ màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń fi iná pa kòkòrò inú wàrà. Òfo tiwọn, ìwé ni ó gbè é lẹ́sẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ń tan èèyàn. Bí wọ́n bá rí àmì àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn alápatà, kì í ṣe iye aláìsàn gbogbo ìlú nìyẹn. Iṣẹ́ wọn ni ó sún wọn mọ́ ọn.

Wàràkàṣì tí wọ́n fi omi bọmubọmu sí, tí ó hó dáadáa lórí iná, kò léwu. Wàrà tútù àti nọ́nò tí a kò sè ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kó ibi màlúù tí oyún rẹ̀ bàjẹ́. Bí ibà bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ sọ fún dókítà pé iṣẹ́ ẹran ni ẹ ń ṣe. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó lò ó tán.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa yẹn ti padà sí odò ẹran. Ọ̀rọ̀ èlé orí owó rẹ̀ ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀.