ÀJỌ OṢÙ 67: ǸJẸ́ OWÓ NÁÀ ṢE É PÍN DỌ́GBA?

Bí èrè bá dé ní ìparí ọdún, ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé: ṣé yóò kárí dọ́gba, àbí kọ́bọ̀ díẹ̀ yóò ṣẹ́kù? Irú ìbéèrè yìí gan-an ni ó da àwọn onímọ̀ ìṣirò láàmú lórí nọ́ńbà ńlá kan fún ohun tí ó lé ní 250 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹnì kan ń dá àjọ. Oṣù kìíní, kọ́bọ̀ 1. Oṣù kejì, kọ́bọ̀ 2. Oṣù kẹta, kọ́bọ̀ 4. Kí ó máa di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ, bíi ti àwọn sogúndogójì. Ní oṣù kẹwàá, gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ 1,023, ìyẹn náírà 10 àti kọ́bọ̀ 23 péré. Ní ogún oṣù, ó ti di náírà 10,485 àti kọ́bọ̀ 75. Bí ó bá dá a dé oṣù 67 (ta ni yóò lè dá a!), àròpọ̀ rẹ̀ á jẹ́ kọ́bọ̀ 147,573,952,589,676,412,927.

Ǹjẹ́ iye ènìyàn kan wà tí a lè pín in fún dọ́gba, tí kọ́bọ̀ kan kò ní ṣẹ́kù? Kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀ kò sí lára ìpín, bẹ́ẹ̀ ni kí kálukú gba kọ́bọ̀ kan-kan.

Àròpọ̀ oṣù 2 jẹ́ kọ́bọ̀ 3, ti oṣù 3 jẹ́ 7, ti oṣù 5 jẹ́ 31, ti oṣù 7 jẹ́ 127. Kò sí èyí tí ó ṣe é pín nínú wọn. Ẹni tí ó bá ń kánjú á ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti oṣù 11 yóò rí. Rárá o: 2,047 ni, ènìyàn 23 lè gba kọ́bọ̀ 89 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

Ní 1644, àlùfáà Faransé kan, Mersenne, kọ ọ́ sínú ìwé pé àròpọ̀ oṣù 67 kò ṣe é pín. Ní 1876, ará Faransé mìíràn, Lucas, fi hàn pé ó ṣe é pín, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye ènìyàn tí a ó pín in fún! Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ọ̀dítọ̀ lè rí i pé ìwé kò bá owó inú àpótí mu. Ó ti mọ̀ dájú pé àṣìṣe wà, láì tíì mọ ojú ìwé tí ó wà. Bí nọ́ńbà náà kò bá ṣe é pín lóòótọ́, ibì kan pàtó ló yẹ kí ìṣirò Lucas já sí. Kò já síbẹ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan, Cole, ló rí ìdáhùn. Ní October 1903, ó dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York. Wọ́n ní kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kọ nọ́ńbà náà sára pátákó, ó sọ méjì mìíràn di púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn mu. Ó lọ jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ènìyàn 193,707,721 ni, kálukú á gba kọ́bọ̀ 761,838,257,287. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta ló fi wá a. Kì í kàn-án ṣe pé ó ń fọwọ́ tá o: iye ènìyàn tó bá lè pín owó yìí, tí ẹ bá fi 134 (67 lọ́nà méjì) pín in, 1 ló gbọ́dọ̀ kù. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ kí ó dán an wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan owó wa nìyí. Láti sọ nọ́ńbà méjì yẹn di púpọ̀, bébà kan àti ọ̀sán kan ti tó. Láti tú u padà, ọdún mẹ́ta! Ìyàtọ̀ yìí ni Rivest, Shamir àti Adleman ní Amẹ́ríkà fi ṣe àgádágodo ní 1977: nọ́ńbà ńlá wà ní gbangba, àwọn méjì tí ó bí i wà ní ìpamọ́. Òun ni ọ̀pọ̀ báńkì fi ń ti iṣẹ́ owó tí wọ́n ń rán. Nọ́ńbà ti Cole kò lè ti nǹkan kan mọ́, ìṣẹ́jú àáyá ni kọ̀ǹpútà ń tú u. Kódà èyí tó ní fígọ̀ 250, wọ́n tú u ní 2020, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì pawọ́ pọ̀ ṣe é. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ní fígọ̀ 617, kò sì tíì sí ẹni tó fi irú ọ̀nà yìí tú u. Ìdí nìyẹn tí àwọn olè orí fóònù kì í fi yọ ara wọn lẹ́nu láti já àgádágodo náà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè, pé kí ẹ dárúkọ nọ́ńbà àṣírí yín fún wọn.